Kókó inú ọpọlọ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀pá ẹ̀yìn: ta ló yẹ kí wọ́n ṣe MRI ẹ̀yìn fún, ìgbà wo sì ni?

Àbúrò Wọn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 52. Glioblastoma ni wọ́n pe kókó tí wọ́n bá nínú ọpọlọ wọn, ìpele kẹrin. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ti gba ìtànṣán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, temozolomide, oògùn jẹjẹrẹ, ni wọ́n ń lò báyìí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ìrora náà sì ń ta wọ́n dé itan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wá ń rọ. Wọ́n ṣe MRI orí, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà, wọ́n ní kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹbí wa tó kàwé dáadáa ní glioblastoma kì í kúrò nínú orí, pé ìdùbúlẹ̀ ló ń fa ẹ̀yìn dídùn. Ẹlòmíì ní àwọn dókítà ń fi nǹkan pa mọ́ fún wa ni, pé ó yẹ kí wọ́n ti wo ẹ̀yìn gbogbo ẹni tó bá ní irú kókó yìí láti ọjọ́ kìíní. Ta ni ká gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì?

* * *

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ má gba ìkankan gbọ́ nínú wọn. Ẹ pe dókítà wọn lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ má sì kàn sọ pé ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, torí ta ni ẹ̀yìn kì í dùn? Ẹ sọ pé aláìsàn glioblastoma ni, ẹ̀yìn ń dùn ún, ìrora ń ta dé itan, ẹsẹ̀ kan ti ń rọ. Tí ẹ bá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé fóònù á jí. Ẹ béèrè MRI gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ọrùn dé ìdí, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gadolinium tó ń mú kí kókó hàn lójú àwòrán. MRI orí tó dára kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀yìn.

Kí n tó wọ iṣẹ́: ṣé wọ́n ń tọ̀ dáadáa? Tí wọ́n bá jókòó, ṣé wọ́n ń mọ ìjókòó náà lára? Tí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú ìbéèrè méjèèjì bá jẹ́ rárá, ẹ gbàgbé fóònù, ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì kíá.

* * *

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Mo ti dé. Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí.

Ẹni tó ní glioblastoma kì í kúrò nínú orí kò purọ́ tán. Jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró a máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn, a máa bá a nínú ẹ̀dọ̀, nínú eegun. Ó ṣọ̀wọ́n kí glioblastoma ṣe irú rẹ̀. Àmọ́ ọpọlọ àti okùn iṣan tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, inú omi kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Omi yẹn tó nǹkan bíi mílílítà 150 lára àgbàlagbà, ara sì ń ṣe tuntun tó tó mílílítà 500 lójúmọ́, tó fi jẹ́ pé ó ń pààrọ̀ ara rẹ̀ bí ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24. Inú àwọn ihò tó wà láàárín ọpọlọ ló ti ń sun. Ó ń jáde láti ibẹ̀, ó ń yí ọpọlọ ká, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ yí okùn iṣan ẹ̀yìn ká títí dé ìdí. Tí kókó bá ti dé etí ihò yẹn, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè já bọ́ sínú omi. Níbi tí omi kò ti fi bẹ́ẹ̀ rìn ni wọ́n sábà máa ń balẹ̀ sí, bí ìdọ̀tí ṣe ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn fi sábà ń kó nínú wàhálà náà. Lára àgbàlagbà, okùn iṣan ti parí sí ibi eegun kìíní tàbí ìkejì nínú àwọn eegun ìbàdí. Fọ́nrán fọ́nrán ló kù nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn fọ́nrán yẹn ló sì ń darí ẹsẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́. Nígbà tí kókó bá lẹ̀ mọ́ wọn, ẹ̀yìn á máa dùn, ìrora á máa ta wọ ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á máa rọ. Bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín náà nìyẹn.

* * *

Baba Ìbejì:

Ẹ ṣé o, nọ́ọ̀sì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín gan-an ló ń gbè mí lẹ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ pé inú omi kan náà ni wọ́n wà, kí ló dé tí wọn kì í wo ẹ̀yìn gbogbo ẹni tó bá ní kókó burúkú nínú ọpọlọ? Ọmọ àbúrò mi ní medulloblastoma, wọ́n wo orí, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n tún fa omi ẹ̀yìn, kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n fi gba àgbàlagbà sẹ́yìn?

* * *

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ìbéèrè tó dáa ni, ẹ sì ti fi ẹnu ara yín dáhùn ìdajì rẹ̀. Orúkọ kókó ló ń pinnu.

Medulloblastoma, tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí, tó sì wọ́pọ̀ lára ọmọdé, ìdàmẹ́ta àwọn tó ní in tàbí bẹ́ẹ̀ ni ó ti tàn ká lára wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá a. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ láìtíì wo ẹ̀yìn, torí ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ló máa yí ìtọ́jú padà. Láti 1969 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Chang ti gbé ìlànà kalẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò: M0 ni pé kò tàn, M1 ni pé wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì nínú omi, M2 ni pé kókó mìíràn wà nínú orí, M3 ni pé ó ti dé ọ̀pá ẹ̀yìn, M4 ni pé ó ti jáde kúrò níbi ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn pátápátá. Ọmọ tí tirẹ̀ jẹ́ M0, tí wọ́n sì gé kókó rẹ̀ kúrò dáadáa, ó lè gba 23.4 Gy ìtànṣán sí orí àti ẹ̀yìn (Gy ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán). Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ M3 sábà máa ń gba bíi 36 Gy. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn lára ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú ependymoma àti germinoma, irú kókó méjì mìíràn: ẹ ó wo ẹ̀yìn.

Ti glioblastoma yàtọ̀. Ìwé ìṣègùn sábà máa ń kọ ọ́ pé bí ẹni kan sí méjì nínú 100 ni àmì ẹ̀yìn máa ń hàn lára wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Nígbà tí wọ́n bá sì yẹ òkú wò, iye tí wọ́n ń rí máa ń pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa, àwọn ìwádìí kan sọ pé ó tó ìdámẹ́rin. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjèèjì ni pé ti orí ló máa ń kọ́kọ́ pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kí ti ẹ̀yìn tó ráyè hàn. Tí wọ́n bá wo ẹ̀yìn gbogbo wọn lọ́jọ́ kìíní, ọ̀pọ̀ ni wọn ò ní rí nǹkan kan, ìtọ́jú á sì wà bó ṣe wà: iṣẹ́ abẹ, 60 Gy sí orí ní ìgbà 30, pẹ̀lú temozolomide. Ìwádìí 2005 tó gbé ìlànà yìí kalẹ̀ fi hàn pé nígbà tí wọ́n fi temozolomide kún ìtànṣán, ààrín gbùngbùn ọjọ́ ayé wọn kúrò ní oṣù 12.1 sí oṣù 14.6. Ọjọ́ kéré. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi lo wákàtí gbọọrọ nínú ẹ̀rọ tó ń pariwo láti wá ohun tí kò ní yí nǹkan kan padà.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn dókítà kan jà nìyí o. Wọ́n gbà pé àmì ló yẹ kó mú ni wo ẹ̀yìn, èmi náà gbà. Àmọ́ àwọn kan ń dúró dìgbà tí àmì bá di arọ. Ìrora ẹ̀yìn tuntun tí kò lọ lára ẹni tó ní glioblastoma, pàápàá tó bá ń jí i lóru tàbí tó ń ta wọ ẹsẹ̀, ó tó láti ṣe MRI. Kò dìgbà tí ẹsẹ̀ bá rọ.

* * *

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, torí ẹnì kan ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀ pé mò ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn.

Obìnrin kan wọ wọ́ọ̀dù wa nígbà kan, ọ̀dọ́ ni. Níbi tó ti ń gba ìtọ́jú tẹ́lẹ̀, oògùn ìrora ni wọ́n ń kó fún un, wọ́n ní iṣan ìdí ló fún un. Ìyá rẹ̀ tẹnu mọ́ ọn pé ìtọ̀ kò há o, pé ó ń tọ̀ sára gan-an ni, kódà aṣọ rẹ̀ kì í gbẹ. A gbọ́wọ́ lé abẹ́ ìdodo rẹ̀, ó le gbagidi. Nígbà tí a fi rọ́bà ìtọ̀ sí i, ohun tó jáde lé ní lítà kan. Kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Èyí tó ń ro sára rẹ̀ yẹn, èyí tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni.

Nítorí náà tí wọ́n bá bi yín pé ṣé ó ń tọ̀, ẹ má wo aṣọ tútù, ẹ béèrè bóyá ó mọ̀ nígbà tí ìtọ̀ bá ń bọ̀. Tó bá ti wá di pé kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ nígbà tó bá ń nu ìdí lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, wákàtí ni ẹ fi ń ka àsìkò yín, kì í ṣe ọjọ́.

* * *

Ìyá Rere:

Èmi ò fara mọ́ gbogbo àlàyé omi yìí. Iṣẹ́ abẹ ló tú u ká! Àbúrò bàbá wa ń rìn, ó ń jẹun, ọjọ́ tí wọ́n ṣí orí rẹ̀ ni ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, ohun tí mo sọ nìyẹn.

* * *

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Rere. Ọlọ́run á tù yín nínú. Mi ò ní sọ pé kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀. Àwọn ìwádìí mélòó kan ti rí i pé tí iṣẹ́ abẹ bá ṣí ọ̀kan nínú àwọn ihò tí omi ń gbà nínú ọpọlọ, ó máa ń pọ̀ sí i lára àwọn bẹ́ẹ̀ kí kókó tàn wọ omi. Àmọ́ irú kókó wo ni dókítà ń gé tó fi ń ṣí ihò náà? Èyí tó ti jókòó sí etí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Kókó tó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ kan omi kí ọ̀bẹ tó dé. A sì ti rí i lára àwọn tí wọn kò ṣí orí wọn rí. Lọ́wọ́ kejì, èyí tí wọ́n bá lè gé nínú glioblastoma láìṣe ọpọlọ léṣe, bó bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà sábà ń pẹ́ láyé tó. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, oṣù ló ń fà sẹ́yìn.

Ohun tó wúlò nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé kí ẹbí béèrè lọ́wọ́ dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ: ṣé ihò omi ṣí? Ó wà nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ. Tó bá ṣí, kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn náà mọ̀ ọ́n, kí ìrora ẹ̀yìn kékeré má sì kọjá lójú wọn.

* * *

Olùtọ́jú Kan:

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi náà kò lè dìde lórí àga mọ́. Mo ka èyí, àyà mi já. Ẹ̀yìn kò dùn wọ́n o. Dexamethasone, oògùn tó ń dín wíwú ọpọlọ kù, ni wọ́n ń lò láti ọjọ́ pípẹ́.

* * *

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ fara balẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dexamethasone fúnra rẹ̀ ni. Tó bá pẹ́ lára, ó máa ń jẹ ẹran itan àti ti ìbàdí. Bí ó ṣe máa ń rí ni pé itan méjèèjì á rọ, dídìde lórí àga àti gígun àtẹ̀gùn á dogun, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ ṣì ń gbéra, kò sí ìrora, ara kò kú níbì kankan, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń lọ déédéé. Ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Tí ẹsẹ̀ kan bá rọ ju èkejì lọ, tàbí tí ọrùn ẹsẹ̀ kò bá gbé mọ́, tàbí tí ara bá kú, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Méjì míì tún wà tó máa ń fara jọ ọ́. Dexamethasone kan náà máa ń sọ eegun di hẹ́rẹhẹ̀rẹ, eegun ẹ̀yìn sì lè wó lára ẹni tó kàn tẹ̀ gbé nǹkan. Ìrora rẹ̀ máa ń dé lójijì, ó sì máa ń wà lójú kan. Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹsẹ̀, tó wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn tó ní kókó ọpọlọ: ẹsẹ̀ kan á wú, á gbóná, á máa dun ojúgun. Ìyẹn náà kò ṣeé fi sùn, torí ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ má sì dá dexamethasone dúró fúnra yín nítorí ohun tí mo sọ yìí o. Ara tó ti mọ́ ọn lára kì í tètè ṣe tirẹ̀ mọ́, ẹni tó bá dá a dúró lójijì lè dákú. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tí oorun kò bá kun ìyá yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè lo gbogbo rẹ̀ ní àárọ̀ àti ọ̀sán. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

* * *

Baba Ìbejì:

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Àbúrò Wọn. Ṣé kò yá kí wọ́n kàn fa omi ẹ̀yìn fún wọn? MRI máa ń pẹ́ kó tó kàn ènìyàn.

* * *

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Rárá o. Tí orí bá ń fún, tí kókó tàbí wíwú ti gba àyè inú rẹ̀, tí ẹ wá lọ ṣí omi nísàlẹ̀, ọpọlọ lè sún wálẹ̀ kó há sí ẹnu ihò ìdí agbárí. Ó ń pa ènìyàn. Ẹni tó máa fa omi ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ti rí àwòrán orí tuntun.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fa omi, nǹkan bí ìdajì ìgbà ni kì í bá sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn wà. Ti glioblastoma tún ṣòroó rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èsì tó mọ́ kò túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn mọ́. Tí ìrora àti MRI bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kò sẹ́ni tó ń dúró de omi kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Lára ọmọdé tó ní medulloblastoma, ó ní àyè tirẹ̀, kódà àsìkò ní òfin: wọ́n máa ń dúró tó bí ọjọ́ 14 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, torí ẹ̀jẹ̀ àti èérún ẹran tó já nígbà iṣẹ́ abẹ lè tan ojú tó ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni MRI ẹ̀yìn: ó sàn kí wọ́n ti ṣe é ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ fà kúrò nínú omi.

* * *

Àbúrò Wọn:

Ẹ kú àánú wa o. Wọ́n ti ṣe MRI náà. Ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti tàn sí ara àwọn fọ́nrán ìsàlẹ̀, kókó kan sì wà láàárín ẹ̀yìn tí wọn kò tíì mọ̀ ọ́n lára rárá. Wọ́n fi kún dexamethasone wọn, ìtànṣán ìgbà 10 ló kàn. Ìyàwó wọn ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wọn pé ó ti dé ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ní kí a wá ẹni tó máa gé e jáde. Orí mi ti dàrú.

* * *

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Gígé jáde: níbi tó ti lẹ̀ mọ́ fọ́nrán iṣan, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ láì gé iṣan náà. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn máa ń ní àyè tó bá jẹ́ kókó kan ṣoṣo ló ń tẹ okùn mọ́lẹ̀, pàápàá tí wọn kò bá tíì mọ ohun tó jẹ́. Kò dà bíi ti ẹ̀gbọ́n yín.

Ìtànṣán ìgbà 10: 30 Gy ni ó sábà máa ń jẹ́ lápapọ̀. Ibi tó ń dùn wọ́n àti ibi tí kókó ti fẹ́ ká ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n máa dojú rẹ̀ kọ. Ìrora ni wọ́n ń wá kí ó rọ̀, àti kí ẹsẹ̀ tó ṣì ń rìn má dákẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń rìn lọ́jọ́ tí ìtànṣán bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń rìn nìṣó fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó ti kú pátápátá kì í sábà jí. Ẹ béèrè bóyá kókó ti àárín ẹ̀yìn tí kò tíì dùn yẹn máa wà nínú ibi tí wọ́n fẹ́ tan ìtànṣán sí. Ìbéèrè tó tọ́ ni, kò sì sí dókítà tó yẹ kó bínú sí i.

Ẹnì kan á sọ fún yín pé kí wọ́n tan ìtànṣán sí gbogbo orí àti gbogbo ẹ̀yìn, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọdé. Lára ẹni tó ti gba 60 Gy sí orí, tí temozolomide sì ti rẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó máa ń wúwo jù: inú eegun ẹ̀yìn ni ara ti ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀. Kẹ́mò, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń fún sínú omi gan-an náà wà, bíi methotrexate àti cytarabine. Wọ́n lè gba ẹ̀yìn fún un, tàbí kí wọ́n gba inú rọ́bà kékeré tí wọ́n rì sábẹ́ awọ orí, èyí tí Ayub Ommaya gbé jáde ní 1963, tó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ó ti ṣe àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lóore gan-an. Lára glioblastoma, mi ò tíì rí i kó ṣe ohun tí ẹbí ń retí.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ béèrè iye ọjọ́. Oṣù ni, kò sì pọ̀ nígbà púpọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí ti ọmọ yín jẹ́ germinoma, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí wọn tiyín. Germinoma tó ti tàn sínú omi ẹ̀yìn gan-an ṣì ń gba ìtànṣán tí ó fi ń lọ, ó lé ní 90 nínú 100 àwọn tó ní in tó ń yè é.

* * *

Ìyá Rere:

Ẹ má sọ fún ọkùnrin náà o! Ìròyìn burúkú ló ń pa aláìsàn kí àìsàn tó pa á.

* * *

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹbí, mo sì mọ ìfẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí yàtọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ló ń rọ, òun ló wà nínú ara náà. Ẹ ń sọ pé kò sí nǹkan kan, wọ́n sì ń gbé e lọ síbi ìtànṣán lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ni wọ́n ń dojú rẹ̀ kọ. Ó máa mọ̀. Á wá di pé ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ kí ẹ̀yin má bàa sunkún, ẹ̀yin náà ń ṣe bí ẹni tí kò sí nǹkan kan. Wákàtí tí ẹ̀ bá fi jọ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ, gbèsè àti ibi tó fẹ́ wà, á kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí mo máa ń gbà ni pé mi ò ní kó gbogbo ọ̀rọ̀ dà sí wọn lórí. Mo máa ń béèrè pé, "Bàbá, kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò pé ó ń ṣe ẹsẹ̀ yín?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti mọ̀. Tó bá dáhùn pé òun kò fẹ́ gbọ́, kí ẹ bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Àmọ́ òun ló yẹ kó sọ ọ́, kì í ṣe àwa.

* * *

Àbúrò Wọn:

Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ti sọ̀ kalẹ̀, àbí?" Ìyàwó wọn sunkún, àmọ́ wọ́n ti jọ ń sọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n fi rọ́bà ìtọ̀ sí wọn láná. Wọ́n fẹ́ padà sílé lẹ́yìn ìtànṣán. Kí ló yẹ ká mọ̀?

* * *

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi hàn yín, ọwọ́ yín gan-an ni kí ẹ fi ṣe é níṣojú wọn. Àpò ìtọ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju ìdí lọ nígbà gbogbo, rọ́bà náà kò sì gbọdọ̀ ká. Tí ìtọ̀ kò bá ro mọ́ fún wákàtí mélòó kan, tí abẹ́ ìdodo sì le, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá rọ́bà ti ká. Tí kò bá ká, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Ìtọ̀ tó ń rùn pẹ̀lú ibà tàbí ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, dókítà ni ẹ máa pè lọ́jọ́ náà.

Ara tí kò mọ nǹkan lára kì í ké pe ẹnikẹ́ni tó bá ti ń bó. Ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì tí wọ́n bá wà lórí ibùsùn, kí ẹ sì máa tan iná wo gìgísẹ̀ àti egungun ìdí. Tí ibẹ̀ bá ti ṣókùnkùn tàbí pọ́n, tí kò sì padà sí bó ṣe wà lẹ́yìn tí ẹ yí wọn, egbò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi ìgò omi gbígbóná sí wọn lẹ́sẹ̀ tàbí nídìí, wọ́n lè jóná kí wọ́n má mọ̀.

Tí wọ́n bá kọ mọfíìnì fún wọn, ẹ gba oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Tí ó bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọn kò yàgbẹ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Kí ẹ tún gba nọ́ńbà tí ẹ lè pè lóru, torí òru ni ìrora máa ń le jù, kí wọ́n sì kọ iye mọfíìnì tí ẹ lè fi kún un sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní dókítà ìtọ́jú ìrora wà níbẹ̀, ẹ ní kí ó wá rí wọn ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ìtànṣán tó parí.